Àwo Kékeré, Orin Gígùn: Ìtàn Rẹ́kọ́ọ̀dù àti Àwọn Ẹgbẹ́ Olórin Láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà

Ìnísà, tí ó wà láàárín Ìkìrun àti Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ó tò lọ sí ìhà àríwá láti Òṣogbo títí dé Ọ̀fà, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń ná ọjà ara wọn, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ pe onílù ara wọn sí òde ìnáwó láti ayébáyé. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọjà òkèèrè rí ọ̀nà tààrà wọ agbègbè náà, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, giramafóònù àti àwo orin tí àwọn ènìyàn ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù wà lára ohun tí ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ ń rà wálé. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn bi ara rẹ̀ léèrè ni ohun tí àwo bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ kan kò lè gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣe sí orin àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti agbègbè yìí jáde tàbí tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó iṣẹ́, àti bí orin wọn ṣe yí padà bí àwo náà ti ń fẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni àwo kékeré gé orin Yorùbá kúrú lọ́nà tí kò dára. Ẹ̀rí tí ó wà ní ìtòsí Ìnísà gan-an fi hàn pé èrò yẹn kò jinlẹ̀ tó, nítorí pé iṣẹ́ ọnà ẹnu Yorùbá ti mọ bí a ti ń fi ohun kúkúrú kọ́ ohun gígùn kí ẹ̀rọ tó dé.

Ẹ̀rí náà wà nínú oríkì Òkukù. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì kọ́ oríkì lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin ìlú náà, tẹ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní I Could Speak Until Tomorrow jáde ní ọdún 1991. Nínú ìwé náà ni ó ti ṣàlàyé pé oríkì jẹ́ àkójọ ẹyọ-ẹyọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orísun tirẹ̀, tí ó lè dá dúró láìsí èkejì, tí apèríkì sì lè mú èyí tí ó bá wù ú ṣíwájú, kí ó fò sí òmíràn, kí ó tún padà sí ti àkọ́kọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé ó ṣì í pè. Bí àkókò bá kúrú, apèríkì á pe ìwọ̀nba, á sì dákẹ́. Bí ẹni tí ó ń kì bá ń nawọ́ owó sí i, tí ẹbí bá sì pọ̀ níkàlẹ̀, ó lè pè é títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bákan náà ni rárà ìyàwó, ìyẹn ewì tí ọmọbìnrin ń sun ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ sí ilé ọkọ, rí ní Òkukù: gbólóhùn kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, kò sì sí okùn ìtàn kan tí ó so wọ́n pọ̀ dandan.

Ìlù dùndún náà kò yàtọ̀ sí èyí. Ìyáàlù, tí ó jẹ́ olórí nínú ọ̀wọ́ ìlù náà, tí ṣaworo sì wà létí awọ rẹ̀, máa ń fi ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ahọ́n Yorùbá ṣe ń sọ ọ́, nígbà tí gúdúgúdú àti àwọn omele dúró sójú kan, tí wọ́n ń lu ohun kan náà léraléra kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù lè ní ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ lé. Onílù tí ó bá rí ọlọ́lá tí ó ń bọ̀ wá sí òde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi kì í, kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ìgbà tí òde bá sì gùn, àwọn ìkíni kéékèèké wọ̀nyí ni yóò máa tò léra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn tí ó lọ gba orin sínú àwo ní ẹ̀yìn ọ̀la ti gbọ́ ìlù báyìí láti kékeré.

Ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kọ orin ìjọsìn Yorùbá tí ó lé ní 40 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, tí ó fi di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ohùn wọn wọ inú àwo. Kí àwọn ọdún 1920 tó parí, àwọn olórin ayé náà ti tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọdún 1936, Túndé King, tí a máa ń ka sí ẹni tí ó sọ orin jùjú di ohun tí ayé mọ̀, ti ń kọrin fún Parlophone ní Èkó. Àwo ìgbà náà fẹ̀ ní ínṣì mẹ́wàá, ó wúwo, ó sì máa ń fọ́ bí ó bá já bọ́, nítorí pé oje gbígbẹ tí a mú láti ara kòkòrò kan ni a pò pọ̀ mọ́ eruku òkúta láti fi ṣe é. Ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí abẹ́rẹ́ bá sì ti rìn láti etí rẹ̀ dé àárín, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni orin tí yóò fún ni. Olórin tí ó ti mọ́ lára láti máa ṣeré láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ wá ní láti pinnu ohun tí kò gbọdọ̀ yọ kúrò nínú orin rẹ̀.

Orí ìpinnu yìí ni iyì àwo kékeré wà. Ó ń fi agbára mú ẹgbẹ́ olórin láti yan ohun tí ó gbà pé orin òun jẹ́. Nínú àwọn àwo jùjú ti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀, gìtá tàbí bánjò àti ohùn ni ó gba gbogbo àyè, ìlù kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí ó di ọdún 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú gángan, ìyẹn ìlù olóhùn tí ó kéré ju ìyáàlù lọ, wọ inú jùjú, ní ọdún tí ó sì tẹ̀ lé e, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè. Ìgbésẹ̀ kejì yìí ni ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, nítorí pé bí gìtá kò bá lágbára tó, gángan yóò bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni jùjú ti lè kó onílù púpọ̀ jọ láìpàdánù ohùn orin.

Ìtàn Hárúnà Ìṣọ̀lá fi apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, àpàlà sì ni orin rẹ̀, ìyẹn orin tí ìlù olóhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àgídìgbo ń gbé, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá sì mú dàgbà. Ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún His Master's Voice ní ọdún 1948 láti fi yin Ọba Adébóyè, Òrìmọlúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n àwo náà kò tà. Dípò kí ó jókòó ti ìkùnà yẹn, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kejì, ó ń ṣeré lóde fún àwọn ọlọ́lá, ìgbà tí ọba náà sì wàjà, ó tún orin náà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1955, èyí ni ó sì gbé orúkọ rẹ̀ ga. Láàárín àwo méjèèjì ni iṣẹ́ gidi ti ṣẹlẹ̀, lójú agbo, níbi tí kò sí ẹ̀rọ kankan. Orin kúkúrú tí ó wá fi di olókìkí jẹ́ èso ọdún bíi méje tí ó fi ń kọ orin gígùn, ó sì tọ́ kí àwọn tí ń kọ ìtàn orin nípa kíka orúkọ àwo nìkan rántí èyí.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àwo kékeré jù lọ nínú gbogbo wọn ni I. K. Dáírò, ọmọ agbègbè yìí sì ni. Ọ̀fà ni a bí Ìsáyà Kẹ́hìndé Dáírò sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ kan ìlù fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, nígbà tí owó ilé-ìwé sì wọ́n, ó gbé ìlù náà dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ gbàjámọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1948, ó wà ní Ẹdẹ, ó ń kiri aṣọ, ó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré níbẹ̀. Ó bá Daniel Òjògé, olórin jùjú, ṣeré ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní ọdún 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá sílẹ̀, tí ó pè ní Morning Star Orchestra. Ìrìn yìí ṣe pàtàkì sí orin rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ti gbọ́ ohùn Ọ̀fà, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Ẹdẹ àti ti Ìbàdàn kò ní fi ẹ̀ka-èdè kan ṣoṣo kọrin, Dáírò kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọrin ní onírúurú ẹ̀ka-èdè Yorùbá àti ní èdè àwọn ẹ̀yà mìíràn, ó sì mú ohùn orin ìjọ Aládùúrà wọ inú jùjú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Blue Spots, wọ́n sì borí nínú ìdíje orin jùjú tí a ṣe lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Àsìkò yìí náà ni àwo tuntun ń gba ipò ti àtijọ́: àwo ínṣì méje tí ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1949, tí ó fúyẹ́, tí kì í tètè fọ́, tí ó sì ṣeé kó sínú àpò ọlọ́jà tàbí sínú ọkọ̀ ojú irin láìsí ìbẹ̀rù. Oríṣi rẹ̀ kan tún wà tí a ń pè ní EP, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè gba orin méjì. Ilé-iṣẹ́ Decca ni Dáírò ń ṣe àwo fún, ọdún 1962 sì ni Salome jáde, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri.

Ìhun orin yẹn yẹ fún àlàyé kíkún, nítorí pé òun ni ó fi hàn kedere bí a ti ń di ẹrù òde kan sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Akọ́díọ̀nù, ìyẹn dùùrù kékeré tí a ń gbé kọ́ àyà, tí a ń fà tí a sì ń tì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, ni ó ṣí i, Dáírò fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó lé orin, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì gbè é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ó ṣe tààrà. Ní àárín, ọ̀rọ̀ ẹnu fà sẹ́yìn, ìlù gba iwájú, gángan wọlé pẹ̀lú òwe, lílé àti gbígbè sì di kúkúrú-kúkúrú bíi ti agbo ijó. Kí àkókò tó tán, orin ti padà sí ọ̀rọ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì parí. Apá mẹ́ta ni èyí: ìbẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀, àárín tí ó jẹ́ ti ìlù, àti òpin tí ó jẹ́ ìpadàbọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ṣíwájú Dáírò sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òde. Òun ni ó fún ìlù ní ipò tí ó tọ́ sí i nínú àwo láìdín ọ̀rọ̀ kù, èyí sì ni ìlọsíwájú tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn jùjú kí àwo gígùn tó dé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963.

Fún ìfiwéra, a lè wo ẹ̀yà orin kan tí ó jìnnà pátápátá sí èyí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní grindcore, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Gìtá oníná tí a mú kí ohùn rẹ̀ le, igbe tí a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, àti ìlù tí a ń lù ní kíákíá kíákíá débi tí etí kò fi lè yà ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni àmì rẹ̀. Ẹgbẹ́ Napalm Death, tí ó jẹ́ aṣáájú níbẹ̀, gbé àwo Scum jáde ní ọdún 1987, orin 28 ni ó sì wà nínú nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Ọ̀kan nínú wọn, You Suffer, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kò fi ipá mú wọn, nítorí pé àwo gígùn ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún nígbà náà. Àwọn ni ó yan ìkúrú, nítorí pé ìbínú sí ogun àti sí agbára àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ wọn, kò gba àlàyé gígùn lójú wọn. Ohun tí ó jọra níbi méjèèjì ni pé orin kúkúrú kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ bí ó ti bá a: ó ń fi hàn gbangba bí onílù ṣe gbọ́n tó, nítorí pé kò sí àyè fún un láti ṣìnà kí ó tó rí ọ̀nà.

Ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Dáírò náà ní okùn tí ó so ó mọ́ agbègbè yìí. Òṣogbo ni a bí Sunday Adéníyì sí ní ọdún 1946, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó ni, ayé sì mọ̀ ọ́n sí King Sunny Adé. Ó bá ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá nínú eré aláwàdà, ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1967, Green Spots ni ó sọ ọ́, láti fi bọlá fún Blue Spots ti Dáírò. Orin tí ó fi kọ́kọ́ gbajúmọ̀, Challenge Cup, tí ó dá lórí ìdíje bọ́ọ̀lù, jẹ́ àwo kékeré.

Ṣùgbọ́n àsìkò ti ń yí padà. Àwo gígùn oní-ínṣì méjìlá, tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ń pọ̀ sí i lọ́jà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà sì ni owó epo rọ̀bì wọ̀lú, òde ìnáwó sì di ohun tí ń gba òru mọ́jú. Ní ìhà Ìnísà, ìyípadà yìí bọ́ sí àsìkò kan náà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú tí ó ti ń ṣòwò ní Ghana láti ìgbà tí a ti ń pè é ní Gold Coast ní láti padà wálé, nítorí àṣẹ tí ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò. Àwọn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní orílẹ̀-èdè tí orin ijó highlife ti gbilẹ̀ jù lọ bá jùjú àti àpàlà nílé gẹ́gẹ́ bí orin tí ń jọba ní òde òkú àgbà, ìkómọ àti ìwúyè.

Bí àwo àti òde ṣe gùn sí i báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ojú àwo kan ṣe orin kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa sí àwo Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey, gbajúmọ̀ olórin jùjú mìíràn, ti àwọn ọdún 1970 yóò rí i pé ohun tí a ń pè ní orin kan yìí jẹ́ orin kúkúrú mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a tò mọ́ ara wọn: àdúrà, ìkíni fún ọlọ́lá kan, ọ̀rọ̀ ìyànjú, ìkíni mìíràn, àti ìlù nìkan ní àárín wọn gẹ́gẹ́ bí afárá. Ìlànà oríkì Òkukù ni èyí, ó sì dájú pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ilé-ìwé. Hárúnà Ìṣọ̀lá náà wọ inú ọ̀nà yìí: òun àti Dáírò dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ ní ọdún 1969 kí olórin lè ní ìpín nínú èrè iṣẹ́ ara rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1971, Decca gbé àwo rẹ̀ Oroki Social Club jáde. Òròkí jẹ́ oríkì Òṣogbo, àwo náà sì gba orúkọ ẹgbẹ́ afẹ́ ìlú náà, níbi tí Hárúnà ti máa ń ṣeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orin òde Òṣogbo wá rí àwo tí ó lè gba díẹ̀ nínú gígùn rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀rọ sì lè gbé e sílé kí ó gbọ́ bí wọ́n ti ń kí àwọn ọlọ́lá ìlú náà.

Ohun kan sọnù níbẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Nígbà tí olórin ní ogún ìṣẹ́jú, kò sí ohun tí ó ń fi ipá mú un láti yan ọ̀rọ̀, àwọn àwo kan nínú àwọn ọdún náà sì kún fún orúkọ olówó ju ohun tí orin lè gbé lọ. Ìpadàbọ̀ tí ó ti dúró gẹ́gẹ́ bí òpin nínú Salome pòórá, nítorí pé ibi tí ojú àwo bá ti tán ni orin náà ń tán, nígbà mìíràn pẹ̀lú kí ohùn máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àwọn onílù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlù jèrè púpọ̀. Àwọn onílù olóhùn nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé lè bá ara wọn fọ̀rọ̀ jomitoro ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kí gìtá sì dá wọn lóhùn, èyí tí kò ṣeé ṣe lórí àwo ínṣì méje.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island ti Lọ́ńdọ̀nù bá Sunny Adé ṣàdéhùn, ọ̀rọ̀ gígùn àti kúkúrú tún padà wá. Àwo Juju Music, tí ó jáde ní ọdún 1982, ní orin méje, tí a ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń tà á fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà pé olùgbọ́ ibẹ̀ kò ní fara da orin tí kò ní ibi tí ó parí sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà ti wà nínú àwo gígùn rẹ̀ nílé, níbi tí ọ̀kan ti ń wọ inú èkejì. Ìgè náà kò pa wọ́n lára, nítorí pé ojú ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ ni a ti já wọn. Àwo Synchro System tẹ̀ lé e ní ọdún 1983, Aura sì jáde ní ọdún 1984, lẹ́yìn èyí ni àjọṣe Sunny Adé àti Island parí.

Dáírò ní tirẹ̀ kò bá àwo gígùn mọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọdún 1970 sì rí i tí òkìkí rẹ̀ fà sẹ́yìn fún àwọn tí ó dàgbà lábẹ́ orin rẹ̀. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Original Music ní Amẹ́ríkà kó àwọn orin kúkúrú tí ó ṣe fún Decca ní àwọn ọdún 1960 jọ sínú àwo kan tí ó pè ní Juju Master, láàárín ọdún 1994 sí 1995, ó wà ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin jùjú, ó sì di olóògbé ní ọdún 1996. Àwo àkójọ yẹn ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orin ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni ó tò léra nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀, ìlù àárín àti ìpadàbọ̀ tirẹ̀, bí a bá sì fi etí sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó gbọ́ bí gángan ṣe ń gba àyè nínú àwọn orin náà.